Ẹ Sọ fún Bakanso

"Àǹtí, ta ni Bakanso gan-an?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Luyando nígbà tó bi Esnart Hamusonde ní ìbéèrè yìí. Láti àárọ̀ ló ti gbé e sẹ́nu bí ẹni tó mu omi gbígbóná, tí kò lè gbé e mì, tí kò sì lè tu ú. Àwọn méjèèjì jókòó lẹ́yìn ilé òṣìṣẹ́ tí káńsù fún Esnart, wọ́n ń fi nsima, òkèlè àgbàdo, run mabisi, wàrà kíkan tí kì í wọ́n nílé wa. Esnart fi òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ọmọ náà, ọmọ kan ṣoṣo tí àbúrò rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú.

"Jẹ oúnjẹ rẹ," ló ní.

Luyando jẹ oúnjẹ rẹ̀. Kò béèrè mọ́, nítorí ọmọ tí ojú ń tì kì í béèrè ohun kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ní Nabukonde, ìlú wa tó wà lójú irin ní gúúsù Zambia, níbi tí a ti ń sọ èdè Tonga, a kì í pe káńsù ní káńsù lásán. Bakanso là ń pè é, bí ẹni ń pe àgbàlagbà tí a bọ̀wọ̀ fún. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ọjà, Bakanso ni. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn onísọ̀, Bakanso ni. Ọ̀gá tó jókòó sábẹ́ fáànù, Bakanso ni. "Bakanso ti dé." "Bakanso kọ̀." "Inú ń bí Bakanso." Bí a ti ń sọ ọ́ nìyẹn, àfi bí ẹni pé ọkùnrin kan ṣoṣo ni, tó ní ìyàwó nílé, tó sì máa ń sùn lọ́sàn-án.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Esnart ti lò lẹ́nu iṣẹ́ káńsù nígbà náà. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ni. Òun ló ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ alága nígbà tí àwọn kánsílọ̀ bá ń ṣèpàdé, tó ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Òun náà ló ń tẹ lẹ́tà tó ń jáde. "Káńsù ti pinnu pé..." Ó ti tẹ gbólóhùn yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ìka rẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ lójú oorun. Lọ́jọ́ tó wọṣẹ́, ó gbọ́wọ́ lé Bíbélì, ó búra pé ohun tí òun bá gbọ́ nínú ilé náà, ibẹ̀ ni yóò kú sí. Akọ̀wé Àgbà, olórí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù, tó gbà á síṣẹ́ tún fi tirẹ̀ kún un: "Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní etí, ó ní ọwọ́. Kò ní ẹnu." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Esnart náà bá wọn rín in.

Iṣẹ́ yẹn ló ni ilé tó ń gbé. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́, ilé bọ́ nìyẹn.

Ní bí ọdún mẹ́ta ṣáájú ìbéèrè Luyando, àwọn kánsílọ̀ rí i pé ìwé tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè kà lọ. Ẹnì kan fẹ́ mọ ògiri, ẹnì kan fẹ́ ṣí ṣálańgá nípò padà, gbogbo rẹ̀ ló ń dúró de ìpàdé oṣooṣù. Wọ́n wá fẹnu kò pé bó bá jẹ́ nǹkan kékeré, kí ọ̀gá tó ń bójú tó ètò ilẹ̀ máa dá a pinnu lórúkọ gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ nǹkan ńlá, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀. Wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ kan de agbára tí wọ́n fi lé ọ̀gá náà lọ́wọ́: bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá tako nǹkan kékeré, ó ti di ńlá. Kí ọ̀gá má fọwọ́ kàn án. Kó gbé e wá síwájú ìgbìmọ̀, níbi tí aládùúgbò yóò ti jókòó, tí yóò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Esnart ló kọ ìpinnu yẹn sílẹ̀. Ó dára lójú rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun náà wà nínú yàrá tí òun ń bá wọn kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Simoonga ni orúkọ ọ̀gá tí wọ́n fi agbára náà lé lọ́wọ́. Kì í ṣèèyàn burúkú. Ó máa ń ra búrẹ́dì fún àwọn agbálẹ̀, kò kàn fẹ́ kí ìwé kankan sùn sórí tábìlì òun ni. Lọ́dún tí Luyando béèrè ìbéèrè rẹ̀, wọ́n kọ́ ibùdó àgbàdo sẹ́yìn àdúgbò Zone Mẹ́ta, ọkọ̀ akẹ́rù kò sì rọ́nà dé ibẹ̀. Simoonga fa ìlà sórí máàpù: ọ̀nà kúkúrú kan tó gba inú àgbàlá méjì kọjá. Ọ̀kan ti di ahoro. Èkejì, ti Ìyá Esnart ni.

Ibi tí ìlà náà gbà gan-an ni ilé ìdáná ìyá náà wà. Níbẹ̀ ló ti ń se chibwantu, ohun mímu àgbàdo tí kì í pani bí ọtí, tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè máa ń tò wá mu láàárọ̀. Òun ló fi tọ́ Esnart. Òun náà ló ń fi tọ́ Luyando. Bí ilé ìdáná yẹn bá wó, ìyá àgbà di ẹni tó ń nawọ́ sí èèyàn nìyẹn.

Káńsù gbọ́dọ̀ kéde kó tó pinnu. Gẹ̀ẹ́sì ni Simoonga fi kọ ìkéde náà: ẹni tó bá ní àtakò, kí ó kọ̀wé sí Akọ̀wé Àgbà Káńsù láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ó gbé e wá bá Esnart lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù.

"Màdáámù, bá mi yí i sí Tonga wéré. Mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ kí n tó relé."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ṣé ìwé ìgbéyàwó ni? Yí i bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, kó lè yé ìyá arúgbó."

Esnart rí nọ́ńbà àgbàlá ìyá rẹ̀ nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n ó ti búra, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ìkéde náà ni yóò bá òun sọ ohun tí òun kò lè sọ. Ó yí i bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ibi Akọ̀wé Àgbà Káńsù, ó dúró díẹ̀. Ta ló mọ Akọ̀wé Àgbà ní Zone Mẹ́ta? Ó kọ ọ́ pé: ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kí ó sọ fún Bakanso. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi.

Ìyá Esnart kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń pọnmi kà á fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó ká Fidelis, tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jà, mọ́ ibi tó ti ń mu chibwantu.

"Fidelis, ṣé ìwọ kọ́ ni Bakanso?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ wo ẹ̀wù lára mi. Bí mo bá bọ́ ọ, mo di ọkọ yín."

"Ọkọ ta ni? Ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ lékèélékèé yìí! Gbọ́ mi dáadáa. Ọ̀nà tí ẹ fẹ́ là gba ilé ìdáná mi, n kò gbà. N kò gbà lónìí, n kò ní í gbà lọ́la."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

"Kí lo gbọ́?"

"Pé ẹ kò gbà."

"Ó dáa. Mu èyí tó kù nínú ife yẹn, kí o gbé ọ̀rọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ."

Fidelis mu ún tán. Ọ̀rọ̀ náà bá chibwantu lọ sínú ikùn.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún pé. Lójoojúmọ́ ni Esnart ń tú àpò lẹ́tà, tó ń wá ìwé tó rò pé ìyá rẹ̀ yóò rán ẹnì kan kọ. Kò rí i. Simoonga kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò sí àtakò, ó dá a pinnu, ó sì gbé e fún Esnart kó tẹ̀ ẹ́. "Káńsù ti pinnu pé kí ẹ kó ilé ìdáná yín kúrò láàárín ọgbọ̀n ọjọ́." Esnart tẹ orúkọ ìyá rẹ̀ sókè lẹ́tà náà. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan tẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá náà dé sí ọ́fíìsì Simoonga pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá Simoonga àti ti Esnart ṣí sílẹ̀.

"Màmá, ẹ jókòó."

"Màá dúró. Ilé ìdáná mi lẹ fẹ́ wó, ẹ kò tíì wó ẹsẹ̀ mi."

"Màmá, a lẹ ìwé. Ẹnikẹ́ni kò tako ọ̀rọ̀ náà."

"Èmi tako."

"Níbo? Ìwé yín kò sí nínú fáìlì."

"Ìwé wo? Ohun tó wà lára igi máńgòrò ni pé kí n sọ fún Bakanso. Mo sì sọ fún Bakanso."

"Bakanso wo?"

Ìyá wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ náà, ó tún wo Simoonga. "Fidelis ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Simoonga. "Fidelis onítíkẹ́ẹ̀tì? Màmá, bí ara yín kò bá yá, ṣé ẹni tó ń ṣọ́ géètì ọsibítù lẹ máa ń ròyìn àìsàn fún?"

"Bí ẹ bá lẹ ìwé pé kí n sọ fún ọsibítù, tí ẹ sì wọ aṣọ ọsibítù fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ta ni kí n wá sọ fún?"

Nínú yàrá kejì, Esnart fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ jáde. Ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtumọ̀ náà sí wà níbẹ̀. Ó kà á. Kí ó sọ fún Bakanso. Ìyá rẹ̀ ti ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe gẹ́lẹ́. Bí òun bá la ẹnu, òun ni akọ̀wé tó ba ìkéde jẹ́, tó tún da ìbúra, iṣẹ́ lọ, ilé lọ. Bí òun bá pa ẹnu dé, ilé ìdáná lọ. Ibi tó bá yíjú sí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń bá níbẹ̀.

Ìyá náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó gba ilé Kánsílọ̀ Hamweemba lọ, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ètò ilẹ̀. Bàbá náà sọ fún un pé ohun tí ọ̀gá kan bá pinnu lórúkọ àwọn, àwọn lè pè é padà wá wò. Nítorí náà, lọ́jọ́ ìpàdé oṣù yẹn, Ìyá Esnart jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó wé gèlè sórí, Luyando wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Esnart jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ alága pẹ̀lú kálámù.

"Ìkéde Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú fáìlì," ni Hamweemba wí. "Màmá ń sọ ti Tonga tó wà lára igi. Ibo ni ti Tonga wà?"

"Ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́, sà," ni Simoonga dáhùn. Àwọn kánsílọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ewúrẹ́ náà ti tako nìyẹn. Ta ló yí i sí Tonga?"

"Ọ́fíìsì ni, sà."

"Ọ́fíìsì." Alága yíjú sí Esnart. "Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀: ọ́fíìsì."

Bóyá Simoonga ti gbàgbé ni o, bóyá ó ń dáàbò bò ó ni, Esnart kò mọ̀ títí dòní. Ó kọ "ọ́fíìsì." Ó gbọ́ tí kánsílọ̀ kan ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé gan-an, pé ti Tonga kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè lẹ̀ ẹ́ mọ́gi. Wọ́n nawọ́ sókè: kí ohun tí Simoonga pinnu dúró bẹ́ẹ̀. Esnart ka àwọn ọwọ́ náà, ó kọ iye wọn. Kò gbójú sókè wo bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Luyando bi í pé ta ni Bakanso.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jókòó láti tẹ àkọsílẹ̀ ìpàdé náà. Ó dé ibi ọ̀rọ̀ ìtumọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ pé alága béèrè ẹni tó túmọ̀ ìkéde, ọ̀gá ètò ilẹ̀ sì dáhùn pé ọ́fíìsì ni. Ó ṣíwọ́. Ìta dákẹ́, àfi ẹni tó ń gbálẹ̀ àgbàlá. Lẹ́yìn náà ni ìka rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀: "Akọ̀wé ìgbìmọ̀, E. Hamusonde, ló túmọ̀ rẹ̀, ọ̀gá ètò ilẹ̀ ló sì rán an. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí aládùúgbò kọ̀wé sí Akọ̀wé Àgbà, ó kọ ọ́ pé kí ó sọ fún Bakanso."

Ẹnikẹ́ni kò sọ gbólóhùn yẹn nínú ìpàdé. Òótọ́ sì ni.

Àwọn kánsílọ̀ wa ní àṣà kan. Bí ìpàdé tuntun bá bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n ka àkọsílẹ̀ ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n mọ̀ bóyá ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ máa ń gùn, tíì sì máa ń tutù. Nítorí náà, ẹnì kan á ní, "Kí a gbà á bí ohun tí a ti kà." Òmíràn á ní òun ti í lẹ́yìn. Alága á fọwọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì pe tíì. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe lóṣù yẹn. Esnart ń ṣí ìwé fún Hamweemba, ó ń wo bí kálámù bàbá náà ti ń lọ, ojú ewé kìn-ín-ní, ìkejì, ìkẹta. Ìkẹrin ni ọ̀rọ̀ náà wà. Hamweemba fọwọ́ sí i, ó yán.

Lọ́jọ́ Àìkú, Esnart lọ sílé ìyá rẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ti pé, ọjọ́ mẹ́fà péré ló sì kù kí katakata tí yóò wó ilé ìdáná dé.

"Màmá, ẹ wá ka ìwé ìpàdé ní káńsù."

"Èmi? Kí n kà á?"

"Ẹ ṣáà wá béèrè. Ẹnikẹ́ni tó ń gbé ìlú yìí ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i, bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i tán. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, mo gbọ́dọ̀ kà á fún un. Ẹ má pè mí ní Esnart níbẹ̀."

"Kí ni kí n wá pè ọ́?"

"Akọ̀wé."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá dé ojú fèrèsé. Fidelis jókòó nítòsí, ó ń dúró de ìwé tíkẹ́ẹ̀tì tuntun.

"Akọ̀wé, mo wá gbọ́ ìwé ìpàdé."

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Kí lorúkọ yín?"

Fidelis kígbe. "Ẹ gbà mí! Kò mọ orúkọ ìyá tó bí i! Iṣẹ́ káńsù ti gba orí rẹ̀."

"Fidelis, dákẹ́ ẹnu rẹ," ni ìyá wí. "Ìwọ tí mo sọ̀rọ̀ fún, kí lo fi ṣe?" Ó sọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún.

Esnart kà á fún un ní Tonga, láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìyára, láìfalẹ̀. Nígbà tó dé ojú ewé kẹrin, ó di tábìlì mú.

"Ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó tún un kà.

"Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Alága, Màmá."

"Ó mọ ohun tó fọwọ́ sí?"

"Ó fọwọ́ sí i, Màmá."

Ìyá gbọ́wọ́ lé ojú fèrèsé. "Wọ́n máa ń ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Mm. Bá mi kọ ojú ewé yẹn sínú bébà kan, Akọ̀wé, kí o lu òǹtẹ̀ lé e."

Bébà olóǹtẹ̀ yẹn ló gbé ẹjọ́ dé ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn ti ẹkùn wa. Kí katakata tó dé, ìwé ti jáde pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilé ìdáná náà. Oṣù mọ́kànlá ni ẹjọ́ náà gbà. Àwọn adájọ́ ní ti Tonga náà, ìkéde káńsù ni, nítorí akọ̀wé káńsù ló kọ ọ́, ọ̀gá káńsù ló sì rán an. Ìyá náà ti tako bí ìkéde ṣe ní kó tako. Látìgbà náà, agbára tí wọ́n fi lé Simoonga lọ́wọ́ kò dé orí ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Ohun tó pinnu di òfo. Kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ogójì ilé kọ̀wé láti tako. Àwọn kánsílọ̀ dìbò lójú gbogbo èèyàn, márùn-ún sí mẹ́rin, wọ́n sì la ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n wọ́n yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀: ó gbé ṣálańgá àti igi gúáfà lọ, ó fi ilé ìdáná sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìyá ti ń fi tapólì bo àwọn àgbá chibwantu rẹ̀ nítorí eruku ọkọ̀.

Esnart gba ìwé pé kí ó wá sọ ẹni tó ní kó kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Wọn kò lè pè é ní irọ́, alága ti fọwọ́ sí i. Wọn kò lè lé e. Wọ́n gbé e lọ sí itẹ́ òkú ìlú, kó máa kọ orúkọ àwọn tí wọ́n bá sin sínú ìwé ńlá. Ilé òṣìṣẹ́ di ti ẹlòmíràn. Ó padà sí yàrá ẹ̀yìn ní àgbàlá ìyá rẹ̀. Ní ahéré itẹ́ òkú tí kò ní fáànù, lẹ́tà tó ń kọ sí àwọn ẹbí òkú ṣì ń bẹ̀rẹ̀ bákan náà: "Káńsù ti pinnu pé..." Ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ yẹn, òun àti ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́ fún ara wọn mọ́. Wọ́n máa ń jẹun pọ̀. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń kọjá, wọ́n á dúró kó lọ tán.

Lọ́dún keje, ìyá náà kú, lójú oorun, lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, Esnart ní láti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá náà, torí kò sí ẹlòmíràn tí iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀. Luyando, tó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, bá a lọ. Esnart kọ orúkọ. Ó kọ ọjọ́ orí. Ó kọ nọ́ńbà sàréè. Ó wá ku àyè kan nísàlẹ̀: ẹni tó fọwọ́ sí i fún Káńsù. Kálámù rẹ̀ dúró síbẹ̀.

"O bi mí ní nǹkan kan nígbà kan," ló ní.

Luyando ti rò pé àǹtí òun ti gbàgbé. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ìyá mi tó lọ bá Fidelis, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ wá, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lẹ ìwé yẹn. Mo ń ro nsima lọ́wọ́. Ó ní òun kò gbà kí ọ̀nà gba ilé ìdáná òun kọjá. Mo ní, 'Mo ti gbọ́, Màmá.' N kò tilẹ̀ yíjú kúrò lára ìkòkò. Nígbà tí Simoonga béèrè pé Bakanso wo, ìyá mi kò dárúkọ mi. Èmi ni, Luyando. Èmi ni Bakanso tó sọ fún."